Ajá Tó Kọ Oúnjẹ Ilé Wa

Ẹ̀yin tí ẹ rí ikùn mi yìí, ẹ ò ní gbà pé èmi náà ti kéré rí, pé ajá kan ló sì fẹ́ fi ebi pa mí. Ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n bàbá mi ni mò ń gbé nílùú Ẹdẹ nígbà náà. Bàbá yìí àti aládùúgbò wa kan ń jà sí ilẹ̀ oko kan lọ́nà Alájùẹ. Ká ní ayé àtijọ́ ni, àdá ni wọn ì bá fi parí rẹ̀. Ṣùgbọ́n òyìnbó ti dé. Ẹni tó bá yọ àdá sí ẹnìkejì, akódà ń bọ̀ wá mú un lọ sí kóòtù nìyẹn. Ni bàbá bá lọ ra ajá.

Bí àwọn èèyàn ṣe ń jà nígbà náà nìyẹn. Ẹni tó bá ní ọ̀rọ̀ tí kò ṣeé sọ sójú ọ̀tá rẹ̀ a fi sọ ajá lórúkọ, a sì máa pè é kíkankíkan. Ojúòtìwọ́n ni bàbá sọ tiwa. Èmi ló ní kí n máa pè é wá jẹun láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, kí n sì kọjú sí ilé aládùúgbò. Ó ní kóòtù kì í mú ọmọdé.

Kóòtù ò mú ọmọdé lóòótọ́, ṣùgbọ́n aládùúgbò wa lè mú un. Àyà ọkùnrin náà fẹ̀ bí ilẹ̀kùn. Bí mo bá ti ké pé, "Ojúòtìwọ́n, gbà o, gbà!" a gbójú sókè níbi tó ti ń hun agbọ̀n, èmi a sì ti fẹsẹ̀ kan sẹ́nu ọ̀nà ilé wa. Ohun tó ń gbà mí ni pé ajá náà yá. Mo pè é lẹ́ẹ̀kan, ó dé, ó lá àkúfọ́ ìkòkò rẹ̀ mọ́, mo sá wọlé.

Àfi bó ṣe di ọjọ́ kan tó gbóòórùn ọkà tó kẹ̀yìn sí i. Mo bu omi ọbẹ̀ sí i, ó wò mí bí ẹni pé mo bú u. Mo fi orí ẹja lé e, ó yan lọ.

"Pè é! Ṣé o ti yadi ni?" Bàbá ló wà lẹ́yìn mi.

Mo pè é títí ohùn mi fi há. Aládùúgbò wa dìde dúró.

"Ìwọ ọmọ yìí, ó di ìgbà kẹtàlá. Tó bá di ìgbà kẹrìnlá, etí rẹ ni n ó já fi dí ẹnu rẹ."

"Tún un pè!" ni bàbá wí. "Bí ajá ò bá jẹun, ìwọ náà ò ní jẹun nínú ilé yìí."

Ọjọ́ méjì ni mo fi gba ààwẹ̀ tí ẹnikẹ́ni ò pè mí sí. Lówùúrọ̀ ọjọ́ kẹta, bàbá ti lọ sóko, mo rí Ojúòtìwọ́n lẹ́nu ọ̀nà aládùúgbò wa, ó ń rún orí òkété yíyan wòmùwòmù. Ọkùnrin náà rí i pé mo rí òun. Ó fi ìka kan ètè rẹ̀, ó sì fi ìka kan náà kan ọ̀bẹ tó fi gé òkété. Àlàyé náà yé mi dáadáa.

Kí ni ǹ bá ṣe? Kí n sọ, kí ọ̀bẹ bá mi? Kí n dákẹ́, kí ebi lù mí pa? Nírọ̀lẹ́, mo pe ajá lẹ́ẹ̀kan, jẹ́jẹ́, mo lóṣòó sẹ́yìn àká, mo sì jẹ oúnjẹ rẹ̀ fúnra mi. Bàbá rí i pé ìkòkò mọ́, ó rẹ́rìn-ín, ó ní kí wọ́n fún mi ní tèmi. Ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni mo fi ń jẹ ti ajá, tí mo tún ń jẹ ti èèyàn.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, bàbá ń run orín lọ́wọ́, aládùúgbò wa jáde, ó kọjú sí ilé wa, ó gbé ẹran sókè.

"Ojúòtìwọ́n o! Ojúòtìwọ́n! Máa bọ̀ wá jẹun, ebi wà nílé àwọn tójú ò tì!"

Ajá sáré gba iwájú bàbá kọjá, ó ń ju ìrù. Bàbá nawọ́ sí àdá. Ó rántí akódà, ó fà á padà. Ó wo ìkòkò ajá tó mọ́ tónítóní, ó wá wo ẹnu mi. Mi ò dúró gbọ́ ìbéèrè náà. Ilé àwọn ìyá mi ní Awo ni mo sá dé.

Bàbá àti aládùúgbò wa ò bára wọn sọ̀rọ̀ títí àwọn méjèèjì fi kú, kò sì sẹ́ni tó parí ìjà náà. Lónìí, orúkọ òyìnbó lẹ̀ ń pe ajá yín, orúkọ tí kò bá ẹnikẹ́ni wí, ẹ ní ọ̀làjú dé. Ó dáa. Ṣùgbọ́n mo wo odi tí ẹ mọ yí ilé ká, tí ẹ to àfọ́kù ìgò sórí rẹ̀. Bàbá kórìíra aládùúgbò rẹ̀ dọ́ba, síbẹ̀ ó mọ ìgbà tó ń jí, ó mọ ìgbà tí ara rẹ̀ ò yá. Ẹ̀yin ò tiẹ̀ mọ ẹni tí ẹ ń bẹ̀rù.