Ẹsẹ Tí Bàbá Náà Kì Í Kà

Òórùn tùràrí ni ó kọ́kọ́ kí mi lẹ́nu ọ̀nà ilé tọkọtaya arúgbó kan ní Thamesmead, ní Lọ́ńdọ̀nù, òun ni kò sì jẹ́ kí n ṣe àlejò lọ títí, nítorí ìyá mi náà kì í jẹ́ kí Jímọ̀ kọjá láìfín tùràrí ní Ìjẹ̀bú. Iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó ni mo ń ṣe nígbà náà. N ó wẹ bàbá ilé náà, n ó fún un lóúnjẹ, n ó sì sáré wọ bọ́ọ̀sì lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn ní Woolwich. Siri Láńkà ni òun àti ìyàwó rẹ̀ ti wá. Daddy àti Mummy ni mo ń pè wọ́n, bí a ti ń pe àgbà.

Àìsàn ìgbàgbé ti mú bàbá náà. Ó lè gbàgbé pé òun ti jẹun, ó sì lè pè mí ní ẹni tó wá tún bọ́ílà omi gbígbóná ṣe. Ṣùgbọ́n bí mo bá ti gbé e jókòó lẹ́bàá fèrèsé, yóò pa ojú dé, yóò sì máa ka ọ̀rọ̀ Búdà ní èdè Pálì, èdè àtijọ́ tí ẹnikẹ́ni kì í fi ra iyọ̀ lọ́jà mọ́. Ó sọ fún mi pé ọ̀rọ̀ wọ̀nyẹn pẹ́ lẹ́nu àwọn àlùfáà wọn kí a tó kọ wọ́n sórí ewé ọ̀pẹ. Ẹnì kan á kà, ẹnì kejì á gbà á lẹ́nu rẹ̀. Èyí yé mi dáadáa. Ilé kéwú ni wọ́n ti tọ́ mi, a kì í dúró de ìtumọ̀ kí a tó há a sórí.

Ní ọjọ́ kan tí orí rẹ̀ pé, ó di ọwọ́ mi mú.

"Gbà á lẹ́nu mi," ó ní. "Lọ́jọ́ tí mi ò bá rántí ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ mọ́, kí o bá mi bẹ̀rẹ̀. Mi ò fẹ́ kí ó kúrò lẹ́nu mi kí n tó kú."

Ó yan èyí tó dá lórí ìfẹ́ sí gbogbo ẹ̀dá. Nínú bọ́ọ̀sì, n ó kọ́kọ́ tọrọ àforíjì lọ́wọ́ Ọlọ́run, n ó sì tún máa kà á lọ.

Nígbà tí mo gbọ́ bí àwọn àlùfáà wọn ti ń kà á nínú fídíò kan lórí fóònù mi, mo rí i pé ẹsẹ kan wà tí bàbá náà kì í kà. Ní ilé kéwú wa, bí ẹnì kan bá fo ẹsẹ, ẹni tó jókòó tì í ni yóò rán an létí, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ pàṣán á kan àwọn méjèèjì. Mo bá há ẹsẹ náà sórí. Mo wọ ilé ìdáná tọ ìyàwó rẹ̀ lọ, mo ń yangàn pé mo ti rí ibi tí ìgbàgbé ti jẹ ẹ́.

Ìyá náà pa iná tó fi ń dáná.

"Jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀, ọmọ mi. Kò gbàgbé. Ibẹ̀ ni wọ́n ti sọ̀rọ̀ ìyá tó fi ẹ̀mí ara rẹ̀ dáàbò bo ọmọ kan ṣoṣo tó bí. Ọ̀kan ṣoṣo ni àwa náà bí. Láti ọjọ́ tí ọmọ yẹn ti kú, kò kà á mọ́."

"Ẹ má bínú, Mummy. Mi ò mọ̀ ni."

Ó dùn mí wọra. Èmi náà fi ọmọ kan sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìyá mi nílé. Láti ìgbà náà, bí a bá ń kà á, a jọ ń fo ibẹ̀ ni.

Nígbà tó yá, bàbá náà gbàgbé ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lóòótọ́, mo sì bá a bẹ̀rẹ̀ bí mo ti ṣèlérí. Òjò ń rọ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ náà, ìyàwó rẹ̀ ń ká aṣọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa. A dé ibi tí a máa ń fò, mo fò ó. Bàbá náà kò tẹ̀ lé mi. Ó ka ẹsẹ náà já, ohùn rẹ̀ kò gbọ̀n rárá. Ó wá yíjú sí ìyàwó rẹ̀.

"Ọmọ yẹn ò tíì ti ilé ìwé dé?"

Ìyá náà ká ṣẹ́ẹ̀tì tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ tán.

"Ó ń bọ̀," ó ní.

Bẹ́ẹ̀ ni ó ń dá a lóhùn títí bàbá náà fi kú, kò sì tún fo ẹsẹ yẹn mọ́. Àwọn àgbà wa ní kí ọmọ ẹni kú, ó sàn ju kí ó nù lọ. N kò mọ ibi tí n ó to ọmọ tiwọn sí. Ọmọ tèmi ti wá bá mi níbí báyìí, ó ti ga jù mí lọ, bí ó bá sì pẹ́ lọ́jà ní Powis Street, n ó jókòó sẹ́bàá fèrèsé, n ó ka gbogbo ọ̀rọ̀ Pálì náà láìfo ibì kankan. Ìyá náà ni mo máa ń rò. Ọkọ rẹ̀ rí ọmọ rẹ̀ padà kí ó tó lọ. Òun nìkan ni ó ṣẹ́ kù tí ó mọ̀ pé ọmọ náà kú.