Fídíò Tí Màmá Mi Ti Sọ̀rọ̀

Àárọ̀ Sátidé kan ni, mo ń sá aṣọ sórí okùn lẹ́yìn ilé wa nínú ẹ̀sítéètì ní Ìkòròdú, nígbà tí aládùúgbò mi já wọlé láti ẹnu géètì, tó ń jó bọ̀. Obìnrin ará Ọ̀ṣun ni, kì í lè fi ayọ̀ pamọ́.

"Ògo ni fún Ọlọ́run! Ẹ kú oríire o! Màmá ti ń sọ̀rọ̀, ẹ ò tiẹ̀ sọ fún wa!"

Aṣọ bọ́ lọ́wọ́ mi. Oṣù mẹ́jọ ni màmá mi ti wà lórí ìjókòó ní Ẹ̀pẹ́ láìlè sọ gbólóhùn kan ṣoṣo. Àrùn rọpárọsẹ̀ ti mú wọn lápá ọ̀tún àti lẹ́sẹ̀ ọ̀tún, ó wọ́ wọn lẹ́nu, ó sì gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu wọn. Wọ́n ń gbọ́ ohun gbogbo, wọ́n mọ gbogbo wa, ṣùgbọ́n "ẹn" nìkan ló ń jáde. Mo bi aládùúgbò mi pé ta ló sọ fún un. Ó ní ojú òun lòun fi rí i, ó sì na fóònù rẹ̀ sí mi.

Màmá mi ni lóòótọ́. Wọ́n wé gèlè, ara wọn ń dán, wọ́n ń wò mí tààrà. "Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ̀yin tí mo kọ́ níwèé, ẹ bá mi dúpẹ́." Kì í ṣe pé ohùn náà jọ tiwọn o. Ohùn wọn gan-an ni, èyí tó máa ń pè mí wọlé tí mo bá pẹ́ jù níbi eré. Mo bú sẹ́kún, mo ń rẹ́rìn-ín, mo dì mọ́ aládùúgbò mi. Kò pé ìṣẹ́jú kan, ṣùgbọ́n n kò ní purọ́: láàárín ìṣẹ́jú yẹn, ara màmá mi ti yá.

Fídíò náà ń bá a lọ. Màmá mi ní ìgò àgbo kan báyìí ni àwọn mu fún ọjọ́ mẹ́sàn-án. Wọ́n ní àwọn ti kó gbogbo oògùn òyìnbó dànù. "Ẹ kó tiyín náà dànù." Wọ́n wá gbé ọwọ́ ọ̀tún sókè, wọ́n jù ú sí wa. Àwòrán ìgò kan yọ lábẹ́ rẹ̀, àti nọ́ńbà tí ènìyàn lè pè tó bá fẹ́ rà.

Ọwọ́ ọ̀tún. Omijé mi gbẹ lójú ẹsẹ̀. Mo dá fídíò náà dúró, mo sún un mọ́jú. Eyín tó ti ká lẹ́nu wọn láti ọdún méjì wà níbẹ̀ digbí. Gèlè yẹn, èyí tí wọ́n wé lọ́jọ́ tí wọ́n fẹ̀yìn tì ni. Àwọn kan ti mú ojú màmá mi àti ohùn wọn, wọ́n ti kó wọn fún ẹ̀rọ AI, wọ́n sì ń fi wọ́n tajà.

Ó yẹ kí n ti mọ̀, nítorí èmi ni mo máa ń kìlọ̀ fáwọn ènìyàn. Mo ní ojú ewé kan lórí ayélujára, kò sí ohun tí n kì í pín níbẹ̀: òṣèré tó kọ ìyàwó rẹ̀, fóònù tuntun tó jáde, onílé tó ju ẹrù opó síta. Àwọn ará ọ́fíìsì wa ní bí ewúrẹ́ bá bímọ ní Ìgbògbò, ọ̀dọ̀ mi làwọn á ti gbọ́. Wọ́n ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, inú mi sì ń dùn. Mo gbà pé ẹni tó bá rí ìrẹ́jẹ, kó pariwo ni. Ariwo sì wà lẹ́nu tèmi dáadáa.

Mo pe àǹtí mi, àbúrò màmá mi tó ń tọ́jú wọn ní Ẹ̀pẹ́. Kò tilẹ̀ jẹ́ kí n kí i. "Ṣé ìwọ lo gbé nǹkan yìí síta ni? Láti àná ni èrò ti ń wọ́ wá síbí. Wá o. Tètè máa bọ̀."

Nínú bọ́ọ̀sì, kí a tó dé Ìtóìkín, mo ti fi ẹjọ́ fídíò náà sun àwọn tó ni ìkànnì. Èsì wọn dé kí a tó kúrò níbẹ̀. Wọ́n ní àwọn ti yẹ̀ ẹ́ wò, kò sì lòdì sí òfin kankan lọ́dọ̀ àwọn. Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹta. Mo pariwo, "Irú kí lèyí!" gbogbo ọkọ̀ sì yíjú wò mí. Ìyá tó jókòó tì mí ní kí n fi ọkàn balẹ̀, gbogbo rẹ̀ á yanjú.

Ẹ jẹ́ kí n sọ irú ẹni tí màmá mi jẹ́. Tíṣà ni wọ́n, iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ní Ẹ̀pẹ́ níbẹ̀. Àwọn tó ti gba abẹ́ ọwọ́ wọn kọjá ti ń bí ọmọ-ọmọ. Wọn kì í jáde láìjẹ́ pé wọ́n lọ aṣọ, wọn kì í sì í jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ rí wọn nínú bàtà eléruku. Láti ìgbà tí àìsàn yìí ti dé, wọn kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí wọn mọ́ àfi èmi, àǹtí mi àti nọ́ọ̀sì. Kọ́tìnì wà ní títì tọ̀sán-tòru. Áńkáṣíìfù funfun kan kì í kúrò lẹ́nu wọn, wọ́n fi ń bo ibi tó wọ́. Àlejò tó bá dé, àǹtí mi á ní Tíṣà ń sùn.

Nígbà tí mo dé, obìnrin kan jókòó sí ẹnu ọ̀nà ìta, àǹtí mi sì dúró dí ilẹ̀kùn. Obìnrin náà rí mi, ó kúnlẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, àǹtí, ẹ jẹ́ kí n rí Tíṣà. Ọkọ mi ni."

Ọkọ rẹ̀ ń kan ọkọ̀ ojú omi létí ọ̀sà. Màmá mi ló kọ́ ọ ní kíláàsì kẹrin. Ẹ̀jẹ̀ ríru ń bá a jà láti ọjọ́ pípẹ́, dókítà sì ti kìlọ̀ fún un pé kò gbọdọ̀ fo oògùn rẹ̀ ní ọjọ́ kan. Ó rí fídíò náà ní ọjọ́ Túsìdeè, ó da gbogbo oògùn sínú ọ̀sà.

"Mo bẹ̀ ẹ́ títí. Lémọ́ọ̀mù bẹ̀ ẹ́. Ó ní Tíṣà òun kì í purọ́. Láàárọ̀ yìí, ojú ń ṣú u, kò lè gbé òòlù. Ó ní àgbo ló ń ṣiṣẹ́ lára òun."

Mo ní irọ́ ni, kì í ṣe màmá mi. Ó ní, "Ohùn wọn kọ́ ni?" Ó ní bí òun bá délé tí òun ní ọmọ Tíṣà ló sọ bẹ́ẹ̀, ọkọ òun á ní ọmọ Tíṣà kọ́ ló kọ́ òun níwèé.

Mo wọlé tọ màmá mi lọ. Mi ò fẹ́ fi hàn wọ́n, ṣùgbọ́n ta ni mo fẹ́ fi pamọ́ fún nígbà tí gbogbo Ẹ̀pẹ́ ti rí i? Mo gbé fóònù síwájú wọn. Nígbà tí ohùn náà bẹ̀rẹ̀, wọ́n gbé ọwọ́ òsì lọ sí ọ̀fun ara wọn, wọ́n ń fọwọ́ wá nǹkan níbẹ̀. Àánú wọn ṣe mí débi pé mo fẹ́ pa fóònù náà. Wọn ò gbà. Nígbà tó dé ibi tí wọ́n ti ní kí àwọn ènìyàn kó oògùn dànù, wọ́n lu apá àga. "Ẹn! Ẹn!" Wọ́n nàka sí gèlè inú fóònù, wọ́n sì nàka sí mi. Ó yé mi. Wọ́n ń bi mí pé níbo ni àwọn oníjìbìtì yẹn ti rí ojú àti gèlè àwọn.

Mo sì mọ ibi tí wọ́n ti rí wọn.

Ní ọjọ́ tí àìsàn náà mú wọn, a gbé wọn dé ọsibítù kan ní ìdájí, ó di ọ̀sán kí ẹnikẹ́ni tó yà sí wa. Inú bí mi, mo fi fóònù ya màmá mi lórí bẹ́ǹṣì: ẹnu wọn ti wọ́, itọ́ ń ṣàn, gèlè ti ṣí, irun funfun wà níta. Mo so fídíò ọjọ́ ìfẹ̀yìntì wọn mọ́ ọn, níbi tí wọ́n ti ń bá èrò sọ̀rọ̀ pẹ́ pẹ́ pẹ́, kí ayé lè mọ irú ẹni tí wọ́n pa tì síbẹ̀. Mo kọ ọ̀rọ̀ tó gbóná sí i. Ó tàn kálẹ̀ ju ohunkóhun tí mo ti pín rí lọ. Ojú ewé tó ń gbé ọ̀rọ̀ àwọn òṣèré gbé e, wọ́n ní akọni ọmọ ni mí. Mi ò bi màmá mi. Mo sọ fún ara mi pé wọn kò kúkú lè dáhùn. Lẹ́yìn náà, mi ò sọ fún wọn rárá.

Nígbà tí wọ́n wá nàka sí mi ní Sátidé yìí, mo fi hàn wọ́n. Mo rò pé wọn á bínú sí àwọn oníjìbìtì sí i ni. Wọ́n wo ara wọn lórí bẹ́ǹṣì yẹn, wọ́n wo itọ́, wọ́n wo irun. Lẹ́yìn náà wọ́n gbójú sókè, wọ́n wò mí. Mo ti rí màmá mi tí wọ́n bínú, ẹgba wọn sì ti bà mí dáadáa nígbà èwe, ṣùgbọ́n mi ò rí ojú yẹn rí. Wọn kò wo ayédèrú yẹn bẹ́ẹ̀. Èmi ni wọ́n wò bẹ́ẹ̀.

Mo dọ̀bálẹ̀ bí ọkùnrin, nítorí ìkúnlẹ̀ kò tó. "Ẹ má bínú, Màmá. Ẹ foríjì mí." Mo pa fídíò náà rẹ́ níṣojú wọn, pẹ̀lú gbogbo ìyìn tí wọ́n kọ sábẹ́ rẹ̀. Wọ́n kọjú sí ògiri.

A wà bẹ́ẹ̀ tí a fi ń gbọ́ ohùn obìnrin yẹn níta, tó ń bẹ àǹtí mi pé kí ọkọ òun má kú mọ́ òun lọ́wọ́. Màmá mi yíjú padà. Wọ́n mú áńkáṣíìfù kúrò lẹ́nu, wọ́n gbé e sórí itan. Wọ́n nàka sí fóònù mi, wọ́n sì nàka sí ẹnu wọn.

Mo ní, "Rárá o, Màmá." Wọ́n tún nàka. Mo bi wọ́n bóyá kí n ya wọ́n lóòótọ́, kí wọ́n mi orí tí wọ́n bá gbà. Wọ́n mi orí. Mo bi wọ́n bóyá kí n gbé e síta fún gbogbo ayé. Wọ́n mi orí. Mo tún bi wọ́n lẹ́ẹ̀kẹta, wọ́n sì fi ojú tí wọ́n fi ń wo olódo wò mí. Ẹ̀rín fẹ́ pa mí pẹ̀lú omijé lójú.

A pe obìnrin náà wọlé. Ó rí wọn, ó káwọ́ lérí. "Yéè! Tíṣà mi!" Mo bẹ̀rẹ̀ sí í yà wọ́n. Wọ́n fi ọwọ́ òsì gbé ọwọ́ ọ̀tún sókè, wọ́n jọ̀wọ́ rẹ̀, ó já sílẹ̀ pì. Àǹtí mi fún wọn ní oògùn wọn, omi ń dà sí wọn láyà. Mo ní lónìí ni mo ya èyí, ara màmá mi kò tíì yá, irọ́ ni fídíò àgbo, kí ẹnikẹ́ni má ṣe da oògùn rẹ̀ nù. Mo gbé e síta, mo fi ránṣẹ́ sórí fóònù obìnrin náà, ó sáré lọ bá ọkọ rẹ̀.

Kò tó wákàtí méjì tí mo rí ohun tí wọ́n ń kọ. "Èyí gan-an ni AI." "Ẹ wo bí ọwọ́ yẹn ṣe já, ọwọ́ ènìyàn kì í rí bẹ́ẹ̀." Ẹnì kan ní ìlara ń yọ mí lẹ́nu, mo fẹ́ ba ọjà ọlọ́jà jẹ́. Òmíràn bú mi pé ojú kò tì mí, mo fi ẹ̀rọ sọ ìyá arúgbó tó dùn ún wò di aláàrùn. Màmá mi tòótọ́ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, mo ń gbọ́ èémí wọn, ayé sì ní ayédèrú ni wọ́n.

Obìnrin náà pè. Ọkọ rẹ̀ ti wo méjèèjì, ó ní ti àkọ́kọ́ ni òótọ́. Ó ní àwọn tó ń ta oògùn òyìnbó ló ṣe èkejì.

Mo sọ fún màmá mi. Wọ́n ronú díẹ̀, wọ́n wá nàka sí ẹnu ọ̀nà. Kò yé mi. Àǹtí mi ló yé. "Wọ́n fẹ́ jáde síta."

Oṣù mẹ́jọ! A gbé àga wọn síwájú ilé, a kọjú rẹ̀ sí títì. Mo pe obìnrin náà pé kó mú ọkọ rẹ̀ wá fojú ara rẹ̀ rí Tíṣà. Mo mú áńkáṣíìfù dání, wọn kò gbà á. Àwọn ènìyàn ń kọjá, àwọn tó mọ̀ wọ́n ń dúró lójijì. Ọkùnrin kan tó ti hewú ní "Ẹ kúùrọ̀lẹ́ mà," ó sì yára gbójú sí ilẹ̀. Ojú ń ti màmá mi, mo rí i, ọrùn wọn le gbagidi. Mo bi wọ́n bóyá kí á wọlé, wọn kò yí ojú kúrò ní títì.

Oòrùn ti ń lọ sílẹ̀ nígbà tí kẹ̀kẹ́ kan dúró. Obìnrin náà kọ́kọ́ sọ̀, ó sì fa ọkọ rẹ̀ jáde. Ọkùnrin fìrìgbọ̀n ni, ojú rẹ̀ pọ́n, ó fara ti ìyàwó rẹ̀ kó tó lè dúró. Ó rí màmá mi, ó dúró lókèèrè. Ó wo ẹnu wọn fún ìgbà pípẹ́. Ó wá kọjú sí mi.

"Àǹtí, ẹ má bínú o. Ṣé ẹ̀rọ kọ́ ló ṣe èyí náà?"

Màmá mi na ọwọ́ òsì sí i. Ó wá, ó kúnlẹ̀ níwájú wọn. Wọ́n mú ọwọ́ rẹ̀, wọ́n gbé e lé ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn, ní apá ibi tó ti kú. Itọ́ wọn ṣàn sí i níka. Kò gbé ọwọ́ kúrò. Èjìká rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í mì.

Lẹ́yìn náà, láìwo ẹnikẹ́ni nínú wa, ó ní kí n jọ̀ọ́ kí n bá òun bu omi wá. Ìyàwó rẹ̀ ti ń tú etí ìró rẹ̀, níbi tó di oògùn tuntun tó lọ rà fún un sí.