Ẹ̀gbọ́n mi ní abúlé wa ti tú

Ohun tí mo rí láàárọ̀ yìí lẹ́yìnkùlé wa ní Massè: àwòrán ilẹ̀ àgbègbè wa lórí tábìlì, òkúta tó dì í mú, ẹ̀gbọ́n mi tó ń lọ yunifásítì, àti ìyá àgbà wa tó fajú ro.

Ẹ̀gbọ́n ń ṣèwádìí iye èèyàn tó gbé níbí láti ìgbà òmìnira títí àwọn ológun fi gbàjọba. Ó ní abúlé wa ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tú tán nígbà náà.

"Àwọn òkú wa wà nínú ilé yìí," ni ìyá àgbà wí. "Ṣé o fẹ́ kọ ọ́ pé a sá fi wọ́n sílẹ̀ ni?"

Mo wo àwòrán náà. Ẹ̀gbọ́n ti fa òbìrìkítí yí abúlé ká. Àwọn abà oko wa bọ́ síta rẹ̀, ó sì ti kà wọ́n mọ́ Ikpinlè, ìlú tó múlé tì wá.

Mo ní, "Ìyá, níbo lẹ máa ń sùn nígbà òjò?"

"Ní abà. Ta ni yóò bá mi lé ẹyẹ lórí àgbàdo?"

"Tí wọ́n bá wá bi yín pé ará ibo ni yín?"

"Ará ilé yìí. Ta ló ń jẹ́ ará abà?"

Ẹ̀gbọ́n pa òbìrìkítí rẹ́. Ó tún ààlà fà dé etí odò, ó kó gbogbo abà wọlé, ó tún iye wa rò. Abúlé kún.

Ó yíjú sí ìyá àgbà. "Ẹ kú àbọ̀ oko, ìyá."

"Ó pẹ́ kí o tó kí wa."

Ẹ̀yin ńkọ́, ibi tẹ́ ẹ ń sùn lẹ ń pè nílé, àbí ibi tí wọ́n máa sin yín sí?

Ní tèmi, aago méjì ọ̀sán ni mo tó fẹ̀yìn lélẹ̀, nínú ilé yìí.