Oúnjẹ Ìfẹ́ ní Pálọ̀ Wa

Òórùn símẹ́ńtì tútù ló gba gbogbo ilé náà nígbà tí a kọ́kọ́ kó dé Mowe. A kò tíì kun ògiri, ọ̀rá dúdú la ta sójú fèrèsé dípò gíláàsì, bí òjò bá sì ti rọ̀, ẹrẹ̀ pupa ojú ọ̀nà wa kì í jẹ́ kí ènìyàn fi bàtà tó dáa jáde. Ẹni tó bá mọ Mowe nígbà yẹn á mọ ohun tí mò ń sọ. Èkó lọ́hùn-ún ni sọ́ọ̀sì tí èmi àti ọkọ mi ń lọ wà. Ní Ọjọ́ Ìsinmi kan tí òjò kò jẹ́ kí á rọ́nà lọ, ọkọ mi ṣí Bíbélì ní pálọ̀, a kọrin, àwọn aládùúgbò gbọ́, wọ́n sì wá dara pọ̀ mọ́ wa. Bí ó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Ẹni tó kọ́kọ́ wọlé ni obìnrin aránṣọ tó ń gbé ní òdìkejì ilé wa. Ìjọ aláṣọ funfun ni tirẹ̀, nítorí náà ẹnu ọ̀nà mi ló máa ń bọ́ bàtà sí, á sì wọ sùtánà rẹ̀ tó mọ́ tónítóní wọlé pẹ̀lú ẹsẹ̀ lásán. Lẹ́yìn rẹ̀ ni bàbá arúgbó kan dé, ọmọ bíbí Ifo, tó ti ṣe kátíkíìsì nínú sọ́ọ̀sì tí àwọn míṣọ́nnárì dá sílẹ̀ níbẹ̀ kí ó tó fẹ̀yìn tì, kí ó sì wá máa gbé lọ́dọ̀ ọmọbìnrin rẹ̀ nítòsí wa. Àwọn onítẹ̀bọmi wá, àwọn Àgùdà náà wá. Bí a bá parí àdúrà, a máa ń jẹun pọ̀: búrẹ́dì, ẹ̀wà, sóbò tí mo ti sè sílẹ̀ láti àná. Bàbá ló máa ń súre sí i. Ọkọ mi fẹ́ máa pè é ní Oúnjẹ Alẹ́ Olúwa, ṣùgbọ́n bàbá mi orí. “Èmi kì í ṣe àlùfáà, ìwọ náà kọ́. Oúnjẹ ìfẹ́ là ń pe èyí.” Títí di òní, mi ò tíì jẹ oúnjẹ mìíràn tó dùn tó o.

Ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́rú, bàbá máa ń kọ́ wa ní ìtàn ìjọ. Á jókòó sórí àga oníke, á gbé ọ̀pá rẹ̀ lé itan, á bẹ̀rẹ̀: bí àwọn ọmọ-ẹ̀yìn ṣe ń jẹun pọ̀ láti ilé dé ilé, bí àwọn ti Róòmù àti àwọn ti ìlà-oòrùn ṣe jà lórí ẹni tí yóò jẹ́ olórí, àti lórí búrẹ́dì tó ní ìwúkàrà àti èyí tí kò ní, títí wọ́n fi gégùn-ún fún ara wọn, bí mọ́ńkì kan ní Jámánì ṣe kọ̀ kí wọ́n máa ta ìdáríjì ẹ̀ṣẹ̀, bí ọba Gẹ̀ẹ́sì kan ṣe fẹ́ gbé ìyàwó tuntun, tó sì já ìjọ ilẹ̀ rẹ̀ gbà lọ́wọ́ póòpù. Ó sọ ti àwọn tó ní ẹni tó ti dàgbà tó láti gbàgbọ́ nìkan ló yẹ ká ṣèrìbọmi fún. Wọ́n de àwọn kan nínú wọn, wọ́n jù wọ́n sódò títí wọ́n fi kú, onígbàgbọ́ ẹgbẹ́ wọn ló sì ṣe é. Ó wá dé ilé tiwa: àwọn bàbá wa tó kúrò lọ́dọ̀ òyìnbó nítorí ipò tí wọn kò jẹ́ kí ènìyàn dúdú dé, àwọn tó kóra jọ gbàdúrà nígbà àjàkálẹ̀ àrùn tí oògùn kò ràn, tí wọ́n di aládùúrà, títí dé orí àwọn pẹntikọ́sì tó kún etí márosẹ̀ yìí.

“Kò sí èyí tó yapa nínú wọn tó gbà pé òun ń yapa,” ni bàbá wí. “Kálukú ní òun ń padà sí ìpilẹ̀ṣẹ̀ ni.”

“Bàbá, àwa ńkọ́?” ni aránṣọ bèèrè.

Bàbá rẹ́rìn-ín. “Ẹ̀yin ṣì ń jẹun pọ̀.”

Inú bọ́ọ̀sì tó ń gbé ọkọ mi lọ síbi iṣẹ́ ní Èkó ni nǹkan ti yí. Ọkùnrin kan ń wàásù níbẹ̀, ó sì mú un lọ síbi ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ìjọ tirẹ̀. Mi ò ní purọ́ mọ́ ọkọ mi: tọkàntọkàn ló fi wá Ọlọ́run. Ó gbààwẹ̀ títí eegun ọrùn rẹ̀ fi yọ. Ṣùgbọ́n ó bẹ̀rẹ̀ sí í wo àwọn èrò pálọ̀ wa bí ẹni ń wo aláìsàn. Ó ní omi tí wọ́n wọ́n sórí ọmọ ọwọ́ kì í ṣe ìrìbọmi. Ó ní sùtánà kò sí nínú Májẹ̀mú Tuntun. Mo ní, “Dádì, pálọ̀ náà ò sí níbẹ̀.” Kò rẹ́rìn-ín.

Ní Ọjọ́ Ìsinmi kan, ó wọ kóòtù, ó fi aṣọ funfun bo tábìlì, ó ní láti òní lọ, Oúnjẹ Alẹ́ Olúwa là ń jẹ, ẹni tí wọn kò bá sì tẹ̀ bọ inú omi pátápátá kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án. Ó ń gbé àwo búrẹ́dì kiri. Bàbá ti na ọwọ́, àtẹ́lẹwọ́ kan lórí èkejì, bí wọ́n ṣe kọ́ ọ láti kékeré. Ọkọ mi dé iwájú rẹ̀, ó sì kọjá lọ sọ́dọ̀ ẹni tó tẹ̀ lé e.

“Dádì, ẹ ti fo bàbá!” Mo sọ ọ́ sókè. Kò wẹ̀yìn.

Bàbá kò tètè ká ọwọ́ rẹ̀ kò. Ó ń wo àtẹ́lẹwọ́ náà bí ẹni pé nǹkan wà nínú rẹ̀. Aránṣọ dìde, ó gbé bàtà rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, kò wọ̀ ọ́, ó gba inú ẹrẹ̀ lọ sílé. Bàbá ní kí n fa òun dìde. “Ọmọ mi, ó dàbọ̀ o,” ló sọ fún ọkọ mi. Mo sìn ín dé ilé ọmọbìnrin rẹ̀.

Mo bẹ ọkọ mi, mo sunkún, mo ní kí ó lọ dọ̀bálẹ̀ fún bàbá. Ó ní ọkàn bàbá ló jẹ òun lógún, òun kò fẹ́ kí ó ṣègbé. Mo gbà á gbọ́, ìyẹn ló sì dùn mí jù. Ẹni tó mọ̀ pé ibi lòun ń ṣe, èèyàn lè bá a jà. Ẹni tó rò pé òun ń gbà ọ́ là, kí lo fẹ́ ṣe fún un?

Lẹ́yìn àkókò òjò, àìsàn gbé bàbá dè. Mo máa ń gbé ògì lọ fún un. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ó di ọwọ́ mi mú. “Bí mo bá kú, Ifo ni wọn yóò sin mí sí. Gbogbo yín ni kí ẹ wá. Ẹ jókòó pọ̀, kí ẹ jẹun pọ̀. Ó tó mi.”

Kò pẹ́ tó fi kú. Mo lọ láti ilé dé ilé. Aránṣọ ní òun á wá, ṣùgbọ́n sùtánà lòun máa wọ̀, òun ò sì ní í jókòó ti ọkọ mi. Ọkọ mi ní òun kò lè wọ ibi tí wọ́n ti ń gbàdúrà fún òkú. Àwọn yòókù ti tú ká lọ sí ìjọ mìíràn láti ọjọ́ búrẹ́dì yẹn, wọ́n ní àwọn á gbìyànjú.

Èmi àti aránṣọ nìkan la dé Ifo. Ọkùnrin kan nínú àwọn tó ń ṣètò ìsìn dá aránṣọ dúró lẹ́nu ọ̀nà sọ́ọ̀sì. “Mà, a kì í wọ aṣọ yìí wọlé níbí.” Mo kúnlẹ̀ fún un, mo ní òkú fúnra rẹ̀ ló ní ká wá. Ó ní òun kò lè yí òfin ìjọ padà. Mo bọ́ ìborùn mi, mo ní kí aránṣọ fi bo sùtánà náà. Ó mi orí. “Àǹtí mi, bàbá ò sọ pé kí n bò ó rí.” Ó dúró sábẹ́ igi máńgòrò níta nínú òjò wẹliwẹli. Nínú sọ́ọ̀sì, mo ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń kà nípa ara kan àti Ẹ̀mí kan, ó sì rẹ̀ mí dé egungun. Nígbà tí wọ́n pín oúnjẹ, mo gbé tèmi àti tirẹ̀ jáde. Ó ti lọ.

Ọkọ mi di pásítọ̀. Pálọ̀ wa di sọ́ọ̀sì, a fi páànù fẹ̀ ẹ́ dé etí kànga. Nígbà tó yá, òun àti igbákejì rẹ̀ jà lórí bóyá ó yẹ kí onígbàgbọ́ lo oògùn, igbákejì kó ìdajì ìjọ lọ, ó sì gbé pátákó tirẹ̀ síwájú díẹ̀ ní àdúgbò kan náà. Ọkọ mi kò lè jẹun. Mo jókòó tì í. Lọ́dún tó kọjá, aránṣọ kó lọ sí Arepo. Mo jáde lọ bá a nígbà tí wọ́n ń gbé ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ sínú ọkọ̀. A kí ara wa bí àwọn tó pàdé ní ọ́fíìsì. “Ẹ bá mi kí pásítọ̀,” ló wí, ó sì wọ ọkọ̀.

Tẹ́lẹ̀, mo rò pé àìmọ̀ ló ń fa onígbàgbọ́ ya, pé ẹni tó bá mọ ìtàn kò ní tún un ṣe. Ṣùgbọ́n àwa mọ̀ ọ́n. Olùkọ́ tó dáa la ní, a gbọ́ gbogbo rẹ̀, a lóye rẹ̀, a sì ṣe é bẹ́ẹ̀. Mo ṣì ń lọ sí sọ́ọ̀sì. Ìyàwó pásítọ̀ kì í jókòó sílé. Mo ń ṣe àmín níbi tó yẹ. Àmọ́ bí ọkọ mi bá ní ká gbàdúrà fún ìṣọ̀kan ìjọ Ọlọ́run, tí gbogbo èèyàn gbé ohùn sókè, ẹnu mi kì í ṣí mọ́.