Àwọn Tí Ìjọba Ní Kí Wọ́n Máa Lọ Sílé

Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni Olúdáre nígbà tí òun àti ìyá rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú irin ní Kánò, ní oṣù kìíní ọdún 1970. Tamale, ní orílẹ̀-èdè Gánà, ni wọ́n bí i sí. Ibẹ̀ ni bàbá rẹ̀, Bartholomew, ti ń ta aṣọ títí tó fi kú. Kò pẹ́ lẹ́yìn ikú rẹ̀ ni ìjọba Gánà kéde pé kí gbogbo àlejò tí kò ní ìwé ìgbélùú kúrò níbẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Leah, ìyá Olúdáre, kó ìwọ̀n tó lè kó, ó fi ìyókù sílẹ̀. Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n kọ́kọ́ forí lé, torí ibẹ̀ ni ìlú wọn, ṣùgbọ́n àwọn tó ti Gánà dé ti kún ilé débi pé àwọn kan ń sùn sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Albert, àbúrò Leah, tó jẹ́ akọ̀wé ní rélùwéè, ló ránṣẹ́ pé kí wọ́n máa bọ̀ ní Kánò. Ó fún wọn ní yàrá kan nínú ilé rẹ̀ ní Railway Quarters.

Ara Leah tètè mọlé. Ó ti gbọ́ Haúsá láti Tamale, nítorí náà kò sí ẹni tó lè tà á ní Ọjà Sabon Gari. Ó ń ta bọ́tìnnì, òwú ìránṣọ àti síìpù, àwọn télọ̀ Ibo Road sì ni oníbàárà rẹ̀. Ohun kan ṣoṣo tí kì í sọ ni ọ̀rọ̀ Gánà. Bí ẹnikẹ́ni bá ti dá a sílẹ̀, Leah á bẹ̀rẹ̀ sí í to bọ́tìnnì tó ti tò tẹ́lẹ̀.

Nígbà tí Olúdáre wọ yunifásítì ní ilẹ̀ Yorùbá, ó kọ̀wé sílé pé ẹ̀kọ́ nípa àjọṣe àárín orílẹ̀-èdè sí orílẹ̀-èdè lòun ń kọ́. Leah ní kí Albert ṣàlàyé rẹ̀ fún òun. Albert ka lẹ́tà náà lẹ́ẹ̀mejì, ó ní ó jọ pé iṣẹ́ àwọn tó ń bá ìjọba sọ̀rọ̀ lókè òkun ni. 

Leah béèrè pé, “Ṣé wọ́n máa ń kọ́ wọn níbẹ̀ bí wọ́n ṣe ń lé àlejò?”

Nígbà tí Olúdáre wálé fún ìsinmi, Albert sọ ọ́ fún un, ìbéèrè yẹn kò sì kúrò lọ́kàn Olúdáre mọ́. Ìbéèrè náà ló gbé lọ́kàn padà wá sí Kánò ní ọdún 1977, nígbà tí yunifásítì kan níbẹ̀ gbà á sí iṣẹ́ olùkọ́. Ó ń gbé pẹ̀lú ìyá rẹ̀ nínú yàrá méjì tí ìyá náà gbà nítòsí Ibo Road. Ó ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní ọ̀sán, ó sì ń kọ ìwé tí yóò fi gba oyè ọ̀mọ̀wé. Ohun tó ń wádìí ni ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ láàárín orílẹ̀-èdè méjì nígbà tí ọ̀kan bá lé àwọn ọmọ èkejì jáde. Ó kó ìwé ìròyìn àtijọ́ jọ, ó kó ìwé àdéhùn jọ, ó kó ọ̀rọ̀ tí àwọn mínísítà sọ jọ.

Ní ọdún 1981, Ọ̀jọ̀gbọ́n Adéríbigbé, tó ń ṣe alábòójútó iṣẹ́ náà, dá orí mẹ́rin padà fún un. Ọ̀jọ̀gbọ́n náà kì í pariwo. Ó kàn fi ọwọ́ lé ìwé náà.

Ó ní, “Olúdáre, àwọn ìjọba nìkan ló ń sọ̀rọ̀ nínú ìwé yìí láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Àwọn tí wọ́n lé ńkọ́?”

Láti ọjọ́ náà ni Olúdáre ti ń mú ìwé kékeré kan kiri ọjà. Àwọn tó ti Gánà dé pọ̀ ní Sabon Gari, ní ṣọ́ọ̀ṣì àti ní mọ́ṣáláṣí. Ṣàràfá tó ń ta bàtà fi odindi ọ̀sán kan sọ fún un bí òun ṣe fẹsẹ̀ rìn dé ẹnubodè. Nígbà tó parí, ó bi Olúdáre bóyá ó ti bi ìyá tirẹ̀ léèrè. Olúdáre ti bi í rí. Ó ti bi í nípa ìkéde náà, àwọn ọlọ́pàá, ọjọ́ tí wọ́n gbéra. Ìyá rẹ̀ ní òun ti gbàgbé, ó sì wọlé lọ lọ aṣọ.

Nígbà tó di oṣù kìíní ọdún 1983, ìjọba tiwa náà kéde pé kí àwọn àlejò tí kò ní ìwé máa lọ sílé láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Àwọn ará Gánà ló pọ̀ jù nínú wọn. Nínú ọjà, àwọn kan ń sọ pé ó dáa bẹ́ẹ̀, pé àwọn náà ló kọ́kọ́ ṣe é fún wa. Leah gbọ́, ó ń to bọ́tìnnì rẹ̀.

Ọmọbìnrin kan wà tó ń jẹ́ Edith, ọmọ Tamale gan-an, tó ní ṣọ́ọ̀bù aránṣọ ní Ibo Road. Ọ̀dọ̀ Leah ló ti ń ra òwú láti ọdún mẹ́ta, “Mama” ló sì máa ń pè é. Ní ọjọ́ Jímọ̀ kan, ó wá dágbére. Leah kò jẹ́ kó parí ọ̀rọ̀. Ó ti ìsọ̀ rẹ̀ pa ní ọ̀sán gangan, ó bá Edith lọ palẹ̀ ẹrù, ó se ẹyin, ó ra búrẹ́dì àti kúlíkúlí, ó dì í sínú báàgì. Olúdáre fi ọkọ̀ ìjàpá rẹ̀ gbé àwọn méjèèjì lọ sí ibùdókọ̀.

Èrò pọ̀ níbẹ̀ bí ọjà, àwọn èèyàn jókòó sórí ẹrù wọn. Nígbà tí awakọ̀ ń pe Edith, Leah di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í bá a sọ Haúsá. Ó ní tó bá dé Tamale, kó lọ sí itẹ́ òkú tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, kó wo ìdí igi dóńgóyárò kan.

Leah ní, “Bartholomew lorúkọ ẹ̀. Òkìtì lásán ni, kò sí nǹkan lórí ẹ̀. Bá mi sọ fún un pé mi ò mọ̀ọ́mọ̀ fi í sílẹ̀.”

Edith mi orí pé òun ti gbọ́, ó sì wọ ọkọ̀.

Olúdáre dúró síbẹ̀. Ó ti kọ ọ̀rọ̀ èèyàn mẹ́tàlélógójì sílẹ̀, kò sì gbọ́ èyí rí. Nígbà tí wọ́n ń padà lọ sílé, ìyá rẹ̀ ń sọ̀rọ̀ láìjẹ́ pé ó bi í. Ó ní òun ti ra àpò sìmẹ́ńtì mẹ́ta tí wọ́n máa fi rẹ́ sàréè náà, ó wà nínú àgbàlá nígbà tí ìkéde dé. Ramatu, aládùúgbò wọn tó jẹ́ ọmọ Tamale, ní kí Leah fi í sílẹ̀, pé òun Ramatu á bójú tó o. Leah kò gbà á gbọ́. Gbogbo èèyàn ló ń ṣèlérí fún ara wọn lọ́sẹ̀ yẹn. Ìtìjú ni kò jẹ́ kó lè sọ ọ́ láti ọjọ́ náà, pé òun fi ọkọ òun sílẹ̀ sábẹ́ erùpẹ̀ bí ẹni tí kò ní ará.

Olúdáre béèrè pé, “Mọ́mì, kí ló dé tẹ́ ẹ ò sọ fún mi?”

“O ò bi mí nípa bàbá ẹ. Ìjọba lo bi mí.”

Olúdáre gbé ọkọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ títì, ó pa á. Kò mú ìwé jáde.

Ọdún kan ààbọ̀ kọjá kí lẹ́tà Edith tó dé. Ó ní òun rí sàréè náà. Wọ́n ti fi sìmẹ́ńtì rẹ́ ẹ. Ramatu ló ṣe é lọ́sẹ̀ tí Leah lọ gan-an, ẹnì kan sì fi ìka kọ orúkọ Bartholomew sára rẹ̀ nígbà tó ṣì tutù, ó kàn fo álífábẹ́ẹ̀tì kan nínú orúkọ náà. Lọ́dọọdún, kí òjò tó bẹ̀rẹ̀, Ramatu máa ń lọ ro ibẹ̀. Ní báyìí tí ẹsẹ̀ ń dùn ún, ọmọ rẹ̀ obìnrin ló ń lọ. Leah ní kí Olúdáre tún un kà. Ó tún un kà. Ìyá náà gba lẹ́tà lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì wò ó fún ìgbà díẹ̀ bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò gbọ́ òyìnbó tó wà nínú rẹ̀. Ó sunkún díẹ̀, ó bọ́jú, ó ní kó wá jẹun.

Olúdáre gba àṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì kọ orí kẹfà ìwé rẹ̀ nípa Ramatu. Nígbà ìdánwò ẹnu ní ọdún 1985, ọ̀kan nínú àwọn tó ń dán an wò ní ìtàn náà dùn, ṣùgbọ́n ṣé àjọṣe orílẹ̀-èdè nìyẹn? Olúdáre ṣàlàyé fún un pé ọdún mẹ́rìnlá ni obìnrin kan fi pa àdéhùn mọ́ fún ọmọ ìlú mìíràn láìbuwọ́ lùwé, bẹ́ẹ̀ àwọn ìjọba méjèèjì kò pa tiwọn mọ́ tó bẹ́ẹ̀. Wọ́n fún un ní oyè.

Kò rọrùn lẹ́yìn náà. Àwọn ìwé àtìgbàdégbà tí àwọn ọ̀mọ̀wé ń kọ sí dá orí kẹfà yẹn padà lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ìgbìmọ̀ tó ń fún àwọn olùkọ́ ní ìgbéga lẹ́nu iṣẹ́ ní ọ̀rọ̀ ìyá rẹ̀ ló fi ṣe ẹ̀rí. Ó dùn ún, àwọn ọjọ́ kan sì wà tó fẹ́ padà sí ìwé àdéhùn nìkan. Ní ọdún 1987 ni ìwé àtìgbàdégbà kan tẹ̀ ẹ́ jáde, ọdún tó tẹ̀ lé e ni wọ́n sọ ọ́ di olùkọ́ àgbà.

Ọdún yẹn ló bẹ ìyá rẹ̀ kó wá bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ òun sọ̀rọ̀. Leah wọ aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì wá. Ó ń sọ Haúsá, ó ń sọ Yorùbá, Olúdáre sì ń túmọ̀ rẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ kan béèrè bóyá ó ṣì ń bínú sí àwọn ará Gánà.

Leah bi í pé, “Èwo nínú wọn?”

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Leah kò ṣàwàdà, ó ń dúró de èsì. Akẹ́kọ̀ọ́ náà kọ nǹkan sínú ìwé rẹ̀.

Nígbà tí wọ́n ń lọ sílé, Leah bi Olúdáre bóyá ohun tó ń ṣe lójoojúmọ́ nìyẹn, kó máa dúró sọ̀rọ̀ kí àwọn èèyàn máa kọ ọ́. Olúdáre ní bẹ́ẹ̀ ni. Ìyá rẹ̀ ní iṣẹ́ gidi ni, ṣùgbọ́n ìdúró náà pọ̀, kó máa jẹun dáadáa kó tó kúrò nílé.