Ọjọ́ Tí A Gbá Etí Odò

Títí di òní, bí mo bá gbóòórùn koríko tútù tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gé, inú mi máa ń bàjẹ́. Ó máa ń gbé mi padà sí Ìgàndó, sí ìgbà tí mo jẹ́ tíṣà alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ìwé ẹ̀rí ni. Aṣọ mi kì í rún, bàtà mi kì í léruku, mo sì fẹ́ kí gbogbo ayé rí bẹ́ẹ̀.

Odò kékeré kan ń ṣàn lẹ́yìn ilé ẹ̀kọ́ wa. Bàbá arúgbó kan, ọmọ bíbí àdúgbò náà, ló ń pẹja níbẹ̀. Ìgèrè ni wọ́n ń lò, apẹ̀rẹ̀ gígùn tí wọ́n fi imọ̀ ọ̀pẹ hun, tí ẹja bá ti wọ̀ ọ́ kò ní lè jáde mọ́. Kò sí ọ̀kan nínú àwọn ọmọ Bàbá tó fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ odò sétí. Nígbà tí mo bẹ Bàbá pé kí wọ́n wá kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì mi, omi lé ròrò sí wọn lójú. Wọ́n ní kí àwọn òbí náà wá, torí àwọn ò fẹ́ kí ọmọ kọ́ ìtọ́jú odò tán kí ìyá rẹ̀ sì wá da ìdọ̀tí sínú rẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ la ṣe bẹ̀rẹ̀. Láràárọ̀ Sátidé, àwọn òbí tó ti Ògbómọ̀ṣọ́ àti Ìbàdàn wá ń gbé Ìgàndó, tí ọ̀pọ̀ wọn ò fẹsẹ̀ kan odò rí, á ká ṣòkòtò sókè, wọ́n á jókòó ti ọmọ wọn, wọ́n á máa hun ìgèrè. Bí ẹja tó lẹ́yin nínú bá wọlé, Bàbá á dá a padà sódò. Lọ́jọ́ kan, ìyá kan fajú ro.

"Bàbá, àrọ̀ tó sanra báyìí! Ẹ jẹ́ n fi sebẹ̀ jàre."

Bàbá rẹ́rìn-ín. "Àwọn ọmọ rẹ̀ ni ọmọ tìẹ máa jẹ."

Bàbá tún máa ń nawọ́ sí eèsún tó kún etí odò, pé ká má fọwọ́ kàn án, ibẹ̀ lẹja ń yé sí. Mo gbọ́ o. Mo tiẹ̀ kọ ọ́ sínú ìwé. Àmọ́ lójú mi, igbó ni.

Ara Bàbá ò yá, ọmọbìnrin wọn sì wá mú wọn lọ sí Àgbádárìgì fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Sátidé ìparí oṣù, ọjọ́ ìmọ́tótó, bọ́ sí àárín. Mo ní ká fi iṣẹ́ ọwọ́ wa ya Bàbá lẹ́nu kí wọ́n tó dé. Tọmọ-tòbí kó àdá wá, a gé gbogbo eèsún, a sun ún. Ọmọ káfíńtà kan, ọmọbìnrin, ló ṣiṣẹ́ jù. Nígbà tí a parí, mo ní kí wọ́n mú ìgbálẹ̀ wá. Ẹ gbà mí! Mo gbá etí odò.

Bàbá dé, wọ́n dúró létí odò.

"Tíṣà, ta ló ní kẹ́ ẹ ṣe èyí?"

"Èmi ni, Bàbá. Ṣé ó dáa?"

Wọ́n wo ojú àwọn ọmọ tó ń rẹ́rìn-ín lẹ́yìn mi, ọ̀kọ̀ọ̀kan.

"Ó mọ́ tónítóní," ni wọ́n wí. "Ẹ kú iṣẹ́."

Òjò dé, ilẹ̀ etí odò tó ti wà ní ìhòòhò ya sínú omi. Ẹrẹ̀ nìkan ni ìgèrè ń gbé wá. Nígbà tó jẹ́ igbó, kò sẹ́ni tó kà á sí ilẹ̀. Ní báyìí, wọ́n ń rí i láti títì. Kí òjò tó dá, àwọn kan ti wọn ibẹ̀, wọ́n ti kan èèkàn, típà sì ń da yanrìn sódò. Mo sáré lọ bá wọn.

"Àǹtí, ẹ̀yin lẹ bá wa ro ó, àbí?" ni ọ̀kan nínú wọn wí.

Bàbá padà sí Àgbádárìgì, ibẹ̀ ni wọ́n kú sí. Mi ò tọrọ àforíjì lọ́wọ́ wọn rí. Ó dùn mí, ó ṣì ń dùn mí.

Láìpẹ́ yìí, obìnrin kan kúnlẹ̀ kí mi ní Ẹgbẹ́dá. Ọmọ káfíńtà yẹn ni. Ó fa ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́.

"Wá kí Àǹtí mi. Àwọn ló kọ́ wa bí wọ́n ṣe ń tọ́jú odò. A gé gbogbo igbó ibẹ̀, a tún gbá a! Inú Bàbá dùn gan-an lọ́jọ́ yẹn, àbí, Àǹtí?"

Mo wo ojú rẹ̀. Ẹ̀rín ọjọ́ náà ṣì wà níbẹ̀. Ìgbà yẹn ló yé mi ìdí tí Bàbá fi gbé ọ̀rọ̀ wọn mì.

"Ó mọ́ tónítóní," ni mo wí.

Wọ́n dágbére, wọ́n sọdá títì. Tíṣà ṣì ni mí, àmọ́ ẹ̀kọ́ odò yẹn ni mi ò tíì lè tún kọ́ ẹnì kankan nínú àwọn ọmọ kíláàsì mi ìgbà yẹn.