Ibà Ìgbà Òjò ní Ilé Wa ní Sharjah

Nígbà tí mo ṣì kéré, tí èmi àti Màmá mi ń gbé nínú fúláàtì yàrá méjì ní Sharjah, nílẹ̀ àwọn Lárúbáwá, a kì í fi bẹ́ẹ̀ rí òjò, síbẹ̀ a máa ń mọ̀ bó bá ti ń rọ̀ ní Èkó. Ara àwọn àlejò wa la fi ń mọ̀ ọ́n. Àwọn oníṣòwò tó ń ti Èkó wá ra ọjà ní Deira, nítòsí wa, máa ń dé sọ́dọ̀ wa. Àwọn tó bá wá nígbà ọyẹ́, ètè gbígbẹ ni wọ́n ń gbé bọ̀. Àwọn ti ìgbà òjò, ibà ni. Ọdọọdún ni. Màmá mi á ti ra ọsàn sílẹ̀ dè wọ́n.

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, ẹ mọ iṣẹ́ ọmọ nígbà náà. Tèmi ni kí n po ògì, kí n sì fi aṣọ tútù nu aláìsàn lójú. Gbogbo ilé á máa rùn fún róòbù.

Lọ́dún kan, nínú oṣù keje, Ìyá Bọ̀sẹ̀ tó ń ta léèsì ní Èkó dé. Oòrùn ń jóni lẹ́sẹ̀ níta, àmọ́ kúbùsù méjì ló dà borí, tí eyín rẹ̀ ń gbá ara wọn. Mo bú sẹ́rìn-ín. Màmá mi fà mí létí, ó ní kí n kúnlẹ̀ tì í, kí n máa nu ojú rẹ̀. Ibẹ̀ ni mo wà tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í pè mí ní Bọ̀sẹ̀, ọmọ rẹ̀ tó wà nílé. Ẹ̀rín kú lẹ́nu mi.

"Mọ́mì, ẹ wá o! Wọn ò dá mi mọ̀ mọ́!"

A gbé takisí lọ sí kílíníìkì kan. Dókítà ní òtútù ẹ̀rọ éèsì lásán ni, ká máa lọ. Màmá mi ò dìde lórí àga.

"Dókítà, òjò ń rọ̀ nílé wa. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò."

Nígbà tí dókítà yẹ̀ ẹ́ wò, eré ló sá padà wá. Ibà ti kún inú ẹ̀jẹ̀. Ọsibítù ńlá ló ní kí wọ́n gbé e lọ lójú ẹsẹ̀.

Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́fà, Ìyá Bọ̀sẹ̀ padà sílé wa, ó tọ́ ọbẹ̀ wò, ó ní ata ò tó. Ó fà mí mọ́ra. "Ìwọ tó fi mí rẹ́rìn-ín náà ló ké gbà mí. Khalas, ó parí, mo ti di ọlọ́mọ méjì."

Lóde òní, ẹ̀jẹ̀ tó kán lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ti tó láti fi yẹ ibà wò, èsì á dé kí omi tó hó. Àwọn dókítà ibí gan-an, ibi téèyàn ti ń bọ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ ń béèrè. Inú mi dùn sí i. Ṣùgbọ́n òjò ilé ò tíì yé gbé ibà wá, hòtẹ́ẹ̀lì ní àdúgbò Al Muraqqabat ní Deira sì ni àwọn oníṣòwò ń sùn sí báyìí, kálukú nínú yàrá tirẹ̀. Ohun tí mi ò rí mọ́ ni ẹni tó máa jókòó ti aláìsàn tí kì í ṣe ẹbí rẹ̀.